Páálí Ara Igi Ẹ̀gẹ́

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ẹfúnwùmí ti wo ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ewé náà ká jọ bí etí ewúrẹ́ tí iná rà, àmì pupa rúsúrúsú sì bò ó.

Lákọ́rọ̀ òjò, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lápá Nàìjíríà ló ru igi ẹ̀gẹ́ náà wá. Ẹ̀yìn oko ìwádìí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn kan ló ti rí i, níbi tí wọ́n dà á sí. Páálí kékeré kan tí wọ́n kọ gẹ̀ẹ́sì sí so mọ́ ọn. Ẹfúnwùmí ò mọ gẹ̀ẹ́sì. Ó já páálí, ó fi há àjà. Ní Massè, lápá Benin níhìn-ín, a kì í fi igi ẹ̀gẹ́ du ara wa. Ẹni mẹ́rin ló wá gé níbẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi di ẹrù ti Ìyábùnmi, aládùúgbò rẹ̀.

Ó yọ páálí náà ní àjà láàárọ̀ yìí, ó mú un lọ bá Fiacre, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń kọ́ni ní gẹ̀ẹ́sì l'Adja-Ouèrè.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbí?”

“Ìyàwó wa! Ṣé lẹ́tà àlè ni?” Fiacre kà á. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. “Wọ́n ní ẹ má ṣe ‘propagate’ rẹ̀. Kẹ́ ẹ má jẹ́ kó tàn kálẹ̀.”

“Ẹ̀gẹ́ kẹ̀?”

“Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ a máa tẹ ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ erùpẹ̀ kó lè ta gbòǹgbò, kó di igi mìíràn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti wá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá ń lò ó fún ẹ̀sìn, fún ìròyìn, fún àrùn.”

“Àrùn.” Ó rántí ewé rẹ̀ tó ká jọ. “Èmi ni mo... wọ́n á ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.”

“Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, wọ́n á tún gé e fún ẹlòmíì lámọ́dún.”

Orí ebè ló ti bá Ìyábùnmi.

“Ìyá Rosine!” Orúkọ ọmọ Ẹfúnwùmí ni Ìyábùnmi fi pè é. “Ẹ wo igi yín, oòrùn fẹ́ pa á. Mo tiẹ̀ ti fi ìdajì ránṣẹ́ sí ọmọ mi l'Oko-Akarè.”

Ẹfúnwùmí lè gbà pé oòrùn ni. Oòrùn ò ní jiyàn.

“Kì í ṣe oòrùn.” Ó na páálí sí i, bó tilẹ̀ mọ̀ pé Ìyábùnmi náà ò lè kà á. “Àìsàn ni. Ọwọ́ mi ló ti wá. Mi ò mọ̀.”

Ìyábùnmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ẹ̀gẹ́ kan tu, ó fa èkejì.

“Lọ pe zẹ́mìjàn kan wá,” ló wí, kò wojú rẹ̀. “Kó fi alùpùpù rẹ̀ gbé wa dé Oko-Akarè. Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún ọmọ mi.”