Ọkọ̀ Òkun Inú Ìgò

Ó tún fà á. N kò ní fọn ọ́n. Kí Célestine tó ń fún mi ní àmì máa fa okùn rẹ̀ títí tí yóò fi já. Òun ní apá ọ̀hún ìtàgé, èmi ní apá ìhín lẹ́yìn aṣọ, okùn tín-ín-rín láàárín àwa méjèèjì, wọ́n so ó mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́ bí ẹni so ewúrẹ́. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, mo fọn ẹnu ìgò, fèrè ọkọ̀ òkun dún. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, mo tún fọn ọ́n, ó tún dún. Ó wá ku ẹ̀kẹta, èyí tí ọkọ̀ yóò fọn kó tó ṣí… Kò ní dún. Kí ọkọ̀ wọn rì síbẹ̀ yẹn.

Fìlà mi ni Norbert dé. Fìlà mi gan-an, èyí tí mo fi ń kírun Jímọ̀. “Papa Buraimoh, yá mi, èèyàn pàtàkì kan ni mo fẹ́ ṣe nínú eré.” Mo yá a, mo tún bá a gbọn eruku ara rẹ̀! Wò ó bí ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Ta ló ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì ní gbogbo ọjà Libreville bí kò ṣe èmi? Wò ó bí ó ti ń fi ahọ́n mi sọ Faransé: “Madámù, ẹ fọwọ́ kàn án, aṣọ tó ju aṣọ lọ rèé!” Gbogbo gbọ̀ngàn wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ẹnì kan pariwo láti ìjókòó ẹ̀yìn: “Àwúsá, ẹsẹ̀ tó gùn nínú méjèèjì ni kí o fi wọ̀n ọ́n fún wa!” Àwúsá ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tí a ń tajà níbí. Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ta ló fẹ́ mọ̀?

Àti iná tí wọ́n fi ń rí i…

Èmi ni mo tàn án. Ìkòkò omi iyọ̀ rèé níwájú mi, wáyà iná gba inú rẹ̀ kọjá. Bí mo bá ri irin bọ inú omi, ìtàgé a mọ́lẹ̀. Bí mo bá fà á sókè, a ṣú díẹ̀díẹ̀ bí ìrọ̀lẹ́. Aṣọ dúdú tó bo fèrèsé kí oòrùn ọ̀sán má baà wọlé, orí àtẹ mi ló ti wá. Ọdún mẹ́ta gbáko, láti ìgbà tí ìlú yìí ti gba òmìnira, gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń wá, kò sí ẹni tó bẹ̀ mí. Papa Lumière ni wọ́n ń pè mí níhìn-ín: Bàbá Ìmọ́lẹ̀. Lójà, Àwúsá, níhìn-ín, Bàbá Ìmọ́lẹ̀. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe ń wá. Sìlífátù ìyàwó mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: “Baálé mi, ẹ yọjú sí àwọn èèyàn lọ́jọ́ kan o, kí wọ́n má rò pé àǹjọ̀nú ló ń tan iná fún wọn.” Mo ti yọjú báyìí. Òun náà wà lórí àga kẹta, ó fa gèlè síwájú orí. N kò rí ojú rẹ̀.

Cyprien. Tísà Cyprien tó kọ eré yìí. Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ mi níwèé, tó ń jẹun nínú abọ́ mi. Òun ló gbé ìgò wáìnì ńlá yìí wá, tó ní kí n máa fi ṣe fèrè ọkọ̀. Mo ní, “Tísà, èmi tí ọtí kò kan ẹnu mi rí?” Ó ní, “Papa, mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje. Máláíkà tó ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ yín, bó fi imú kàn án, kò ní gbọ́ nǹkan kan.” A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti mọ ohun tí ìgò náà wà fún! Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo sì ro ọ̀ràn mi fún un, àní mo fi ẹnu ara mi rò ó. Ọjọ́ tó sin ìyá rẹ̀ ní Ntoum, nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ létí mọ́, mo jókòó tì í, mo fi ọ̀ràn tèmi tù ú nínú. Mo ní: ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, atukọ̀ kan láti Kutonu wá jẹ́ iṣẹ́ fún mi pé ìyá mi dùbúlẹ̀ ní Ọ̀fà, orúkọ mi ló ń pè. Mo ní mo sáré dé etí òkun, ọkọ̀ ti ṣí. Mo ní èéfín rẹ̀ nìkan ni mo rí. Kí ọkọ̀ mìíràn tó dé, ìyá ti wọ káà ilẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Cyprien. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sọ fún Sìlífátù. Cyprien di ọwọ́ mi mú, ó sunkún.

Ohun tó wá fi ẹkún náà ṣe nìyí. Atukọ̀ wá jẹ́ iṣẹ́ lórí ìtàgé, ọkọ̀ ń fọn lójú omi, Norbert kò gbéra. Ó ń na aṣọ, ó ń wọ̀n ọ́n. “Mítà kan sí i, madámù, mítà kan péré. Ọkọ̀ á dúró dè mí.” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín olójúkòkòrò tó fi ìyá rẹ̀ ṣòwò.

Irọ́! Mo sọ fún un pé ọkọ̀ ti lọ! Ó yẹ kí n fa irin yìí sókè… kí ilẹ̀ ṣú mọ́ gbogbo wọn. Ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀. Kí ni mo ń dúró dè?

Ta ló sọ fún un?

Kò sí ẹni tó mọ̀ ní ìlú yìí. Ọdún kejì rẹ̀ ni Sìlífátù tó dé. Atukọ̀ yẹn kò padà wá mọ́. Ta ló… Rárá. Mo rántí. Lọ́jọ́bọ̀, Célestine bi Cyprien léèrè ìdí tí ọkọ̀ yóò fi fọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dáhùn, mo ń so wáyà lọ́wọ́, n kò fetí sí i dáadáa: “Ẹni tí ọkọ̀ bá ti já sílẹ̀, kí la fẹ́ wò lára rẹ̀? Ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè ni èèyàn ń wò.” Ó hùmọ̀ rẹ̀ ni. Ó kàn fẹ́ kí eré dùn, ọ̀pá afọ́jú bá bọ́ sórí ejò. Ohun tí mo sọ fún un kọ́ ló tú síta. Ohun tí n kò sọ fún un ni… Àṣírí wo ni mo wá ní ó tú? Ìgbà wo ni mo fi pamọ́ sí i lọ́wọ́?

Mo gbọ́ ọ. Àsìtàgàfúrúlàhì, mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Aṣọ aró ni mo ń wọ̀n fún obìnrin kan. Ó fọn lẹ́ẹ̀kan, mo ní mo ṣì lè dé ibẹ̀. Ó fọn lẹ́ẹ̀kejì, mo tún aṣọ tí mo ti wọ̀n wọ̀n. Obìnrin náà ní, “Ó ti tó, Àwúsá, ó ti tó.” Mo ń wọ̀n ọ́n lọ. Mo ń retí kí ọkọ̀ náà lọ.

Okùn náà dẹ̀. Ó ti sú Célestine. Ẹ̀rín ti ń gbẹ nínú gbọ̀ngàn. Norbert ti sọ “mítà kan sí i” lẹ́ẹ̀mẹrin, kò mọ ohun tí yóò sọ mọ́. Ó gbé ọ̀pá ìwọn aṣọ dúró lókè, ó kọ ojú sí ibi tí òkun yẹ kó wà, ó ń dúró de fèrè. Àágùn ń ṣàn lábẹ́ fìlà. Kò ṣe mí mọ́. Kò wọ́ ẹsẹ̀, kò lọ́ ahọ́n. Ó kàn dúró níbẹ̀, inú ìmọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń pè tí kò fẹ́ jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Mo mọ̀ nígbà náà pé bí mo bá dé Ọ̀fà, n ó bá ìyá mi lórí ẹní. Yóò na ọwọ́ sí mi. N ó sì jókòó tì í, èmi àrẹ̀mọ rẹ̀, n ó máa wò ó bí ó ti ń lọ, kò sì ní sí ohun tí mo lè ṣe…

Aṣọ kọ́, Norbert. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, aṣọ kọ́ rárá. Ẹ̀rù ló bà mí.