Oyèníkẹ̀ẹ́ àti Ẹsẹ̀ Kan Nínú Ọkọ̀

“Mo lá àlá kan, Sàràtù. Kì í ṣe lóru o, ọ̀sán gangan ni mo lá a.”

Bí Àwẹ̀ró ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìgbẹ́tì, níbi tí òun àti Sàràtù ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí, tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà nígbà tí ewú ti yọ lórí wọn. Nígbà tí Sàràtù mọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ, ó ní ìwọ̀nba tí òun fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kò mọ ibi tí wọ́n ti ń dúró. Ó kàwé kàwé, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn gígùn kan nípa ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Oyèníkẹ̀ẹ́, tí wọ́n fún lọ́kọ láì bi í, tó sì sá lọ.

Ìtàn náà kò tíì parí. Ibi tó ti dúró ni etí odò. Oyèníkẹ̀ẹ́ ti ki ẹsẹ̀ kan bọ inú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kejì ṣì wà lórí iyanrìn. Láti ìgbà ààwẹ̀ ló ti wà bẹ́ẹ̀, nítorí Àwẹ̀ró kò mọ̀ bóyá kí ọmọbìnrin náà wọkọ̀ ni tàbí kó padà sílé.

Àfi bí olóòtú ìwé ìròyìn kan ṣe pè é láti Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n fẹ́ gbé abala kan jáde nínú ìtàn náà, kó fèsì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró. Ó ń bẹ̀rù kí àwọn ọ̀mọ̀wé má fi òun ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ìyẹn kékeré. Èyí tó dẹ́rù bà á jù ni pé bí a bá yọ abala kan nínú ohun tí kò tíì pé, ṣé ìyókù kò ní kú báyìí? Ìrònú yìí ló ń rò lórí àga tí oorun fi gbé e lọ.

Lójú àlá, ó rí i pé òun ń lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà. Ọ́fíìsì ọ̀hún ń léfòó lójú ọ̀run, wọ́n fi okùn so ó mọ́ orí òkè bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ìtàkùn iṣu ni wọ́n ń gùn débẹ̀. Àwẹ̀ró káṣọ sókè, ó gùn ún. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ má pẹ́ o,” ni bàtà wí. “Ibí yìí ga jù fún mi.”

“Mò ń bọ̀ náà,” ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn, ó sì wọlé.

Olóòtú fúnra rẹ̀ ló dìde kí i. Tai pupa wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣé ẹ mú abala náà wá?”

“Gbogbo ìwé ni mo kó dání, sà. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá fún yín.”

“Kò sí wàhálà. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná.”

Wọ́n gbé ìwé lé òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n wúkọ́, ó ní, “Ó wúwo ju gààrí lọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú ẹni tó kọ ọ́ ṣì wúwo jù ú lọ.”

“Òótọ́ lo sọ,” ni Àwẹ̀ró wí.

Olóòtú fa ojú ewé kan yọ, ó kà á, ó sì jẹ ẹ́. Ó ní ó dùn. Ó tún fa òmíràn. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni irùngbọ̀n ń hù lágbọ̀n rẹ̀, ni ìwo ń yọ lórí rẹ̀, títí ó fi di òbúkọ ńlá. Tai kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn akọ̀wé tó kù náà ya wọlé, wọ́n di ewúrẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tò sẹ́yìn ọ̀gá wọn.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà,” ni Àwẹ̀ró wí, ó tiẹ̀ tún kúnlẹ̀ díẹ̀, torí pé ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́.

“O kí òbúkọ?” ni Sàràtù pariwo lábẹ́ máńgòrò. Ẹ̀gúsí dà nù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí ni ǹ bá ṣe? Ó wọ tai.”

Nígbà tí Àwẹ̀ró máa fi bojú wolẹ̀, ilẹ̀ ọ́fíìsì ti di odò. Àwọn tábìlì ń léfòó lójú omi bí igbá. Oyèníkẹ̀ẹ́ nìyẹn létí odò, ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan lórí iyanrìn.

“Ìyá mi, ẹ kú àtijọ́,” ni Oyèníkẹ̀ẹ́ wí.

“Oyèníkẹ̀ẹ́! Ṣé àlàáfíà lo wà?”

“Àlàáfíà bíi báwo? Ẹ wo itan mi! Ọlọ́kọ̀ tí ẹ ní kó dúró dè mí ti gbéyàwó. Ìyàwó ti bímọ sínú ọkọ̀. Èmi náà ni mo máa ń bá wọn gbé e.”

Ọmọ ọ̀hún wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, ó ń sùn.

“Má bínú. Wọ́n fẹ́ gbé ọ jáde nínú ìwé ìròyìn. Ṣé kí n gbà?”

“Bí mo ṣe ya ẹsẹ̀ báyìí? Kí gbogbo Ìbàdàn wá máa wò mí?”

“Ó dáa, màá sọ pé rárá.”

Oyèníkẹ̀ẹ́ tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n. “Bí ẹ bá ní rárá, ta ni yóò mọ̀ pé mo wà? Ẹja?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àwẹ̀ró lára. Ibi tó ti ń wá èsì ló ti gbọ́ ìró ọkọ́ láàárín odò. Bàbá Gbádé, ọkọ rẹ̀, ló kọ ebè sójú omi. Ìtàkùn iṣu tutù yọ̀yọ̀ lórí ọ̀pá, síbẹ̀ ó ń wa iṣu.

“Bàbá Gbádé, ìtàkùn yìí ṣì tutù! Ṣé ẹ ò ní pa á báyìí?”

“Ìwọ, ta ló kọ́ ọ lóko?” ni ọkọ rẹ̀ wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè. “A kì í fà á tu. O máa rọra gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ebè, o máa gé iṣu lọ́rùn, o ò ní já gbòǹgbò. O wá bo ilẹ̀ padà. Ìtàkùn ò ní mọ̀ pé o wá. Ìdí rẹ̀ á tún ta, ìyẹn la ó fi ṣe ẹ̀bù tí a ó tún gbìn.”

“Bí mo bá fà á tu ńkọ́?”

“Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́ nìyẹn.”

“Mẹ̀ẹ̀,” ni olóòtú wí.

Ìwé tó kù lórí òṣùwọ̀n di ebè. Ó yọ ọ̀bẹ nínú gèlè, ó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó gé abala kan péré: ibi tí Oyèníkẹ̀ẹ́ ti jí ní ìdájí, tó gbé ìkòkò rù bí ẹni ń lọ pọnmi, tí kò sì bojú wẹ̀yìn, títí dé ibi tó ti gbọ́ ìró odò lọ́ọ̀ọ́kán. Kò fọwọ́ kan ọkọ̀ rárá. Ó bo ilẹ̀ padà, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Olóòtú gbóòórùn rẹ̀. “Màmá, ìyókù ńkọ́?”

“Ìyókù ń ta, sà.”

Òbúkọ mi orí, ó sì padà di ọkùnrin. Etí rẹ̀ kan nìkan ni kò tètè padà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni okùn já, ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ sọ́nà Ìbàdàn, gbogbo ewúrẹ́ ń juwọ́. Bàtà Àwẹ̀ró ń ké lẹ́nu ọ̀nà pé, “Mo sọ fún yín!” Oyèníkẹ̀ẹ́ náà lọgun létí odò: “Ìyá, ẹsẹ̀ mi! Ó ti tutù!”

“Èwo níbẹ̀?”

“Èyí tó wà nínú ọkọ̀! Ọkọ̀ yìí ń jò!”

Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró jí sí.

Sàràtù ti gbàgbé ẹ̀gúsí. “Nígbà tó o wá jí, kí lo rí?”

“Bàsíà. Mo ti oko dé, mo ní kí n fọ ẹsẹ̀, oorun bá gbé mi. Ẹsẹ̀ mi kan wà nínú omi, omi ti tutù nini. Ìkejì wà lórí sìmẹ́ǹtì, eruku ṣì bò ó.”

“Kí lo wá ṣe?”

Àwẹ̀ró fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí kúrò lọ́wọ́.

“Mo gbé ìkejì náà wọnú omi, mo sì pe Ìbàdàn, mo ní abala kan péré ni màá fún wọn.”