Ọmọ Tó Bá Ayaba Lọ sí Ìgbèkùn

Velappan ló ń ṣe gbogbo ọkùnrin inú ìtàn ayaba tí wọ́n jí gbé. Tó bá dé adé pupa, a di ọba burúkú olórí mẹ́wàá. Tó bá dé adé wúrà, a di ọkọ ayaba. Ìyàwó rẹ̀, Devayani, ni ayaba. Láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé ní Kerala, ní ilẹ̀ Íńdíà, ni tọkọtaya yìí ti ń fi ijó sọ ìtàn àtayébáyé náà fún àwọn ọmọdé, kò sì sí ibi tí wọn kò ti jí ayaba gbé ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Velappan di ayaba lọ́wọ́ mú, ó bú ramúramù. Ni ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kejì, Ammini, bá dìde, ó di ọwọ́ kejì mú.

"Kò lọ."

Velappan tún bú ramúramù. Ammini ò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ọmọ mi," Velappan rẹ ohùn sílẹ̀, "bí mi ò bá gbé e lọ, ìtàn parí nìyẹn."

"Kó parí."

Òórùn ìrẹsì ti ń wá láti ilé ìdáná. Ọ̀gá ilé-ìwé wo aago. "Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé wọn jàre. Ó yẹ ká jagun tán kí oúnjẹ tó jinná."

Báyìí ni ọba olórí mẹ́wàá ṣe jí èèyàn méjì gbé. Ammini jókòó ti ayaba lábẹ́ igi nígbèkùn. Nígbà tí ọ̀bọ tí ọkọ ayaba rán wá a fò kọjá òkun dé, Ammini kí i. Velappan bá ara rẹ̀ jagun, ó sì ṣẹ́gun.

Ó wá dé adé wúrà, ó kẹ̀yìn sí ìyàwó, ó fi ìka ṣe ọwọ́ iná. Devayani gbé ẹsẹ̀ láti wọ inú rẹ̀, bó ti máa ń ṣe.

"Iná kí ni?" Ammini béèrè.

"Bí iná ò bá jó o, a ó mọ̀ pé kò dalẹ̀ ọkọ rẹ̀ níbi tó wà," Velappan dá a lóhùn.

"Èmi náà wà níbẹ̀. Ẹ bi mí."

Velappan dúró gbagidi. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ijó ẹlẹ́rìí. Devayani sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá Sudha," ó wí fún ọkọ rẹ̀, "ẹ bi í."

Velappan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kí lo rí níbẹ̀?"

"Ó jókòó. Ó ń sunkún. Ẹ̀yin lẹ pẹ́ kí ẹ tó dé."

Velappan ká ìka iná náà jọ. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Má bínú," ló wí.

Nídìí ìkòkò ìrẹsì, ọ̀gá ilé-ìwé bi Velappan léèrè: "Ṣé bó ṣe wà nínú ìtàn nìyẹn?"

"Rárá, mà. Wọn ò rí ẹlẹ́rìí nígbà yẹn."

Ní ilé-ìwé tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó jó rárá, Devayani bi àwọn ọmọ pé ta ni yóò bá òun lọ.