Orí-Pípé àti Ajá Tó Sanra

Orí-Pípé ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Kò sí eegun kan lára ajá tàbí ẹṣin tí kò mọ̀ lórí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwòsàn ẹran láti kọ́ṣẹ́, ńṣe ló ń gbé àyà rìn bíi dókítà.

Màmá àgbà kan tó kún inú àga bámúbámú ló kọ́kọ́ kàn án. Ajá rọ̀bọ̀tọ̀ kan wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí-Pípé ò kí màmá, kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó gbé ajá sórí òṣùwọ̀n, ó ní:

"Ajá yìí ti sanra jù. Ẹni tó ń bọ́ ọ ló ń pa á."

Màmá wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Èmi ni mò ń bọ́ ọ."

"Mo ti rí i bẹ́ẹ̀, mà."

Ariwo sọ! Màmá gbé ajá rẹ̀ mọ́ra, ó di òde.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn náà pe Orí-Pípé sí kọ̀rọ̀.

"Òótọ́ ni mo sọ, mà."

"O sọ òótọ́, ajá sì ti lọ sílé láìgba ìtọ́jú. Ta wá lo wò sàn?"



Nígbà tí Orí-Pípé délé, ó bẹ bàbá rẹ̀ kó ṣe bí ẹni tó gbé ajá wá sílé ìwòsàn. Bàbá gbé tìmùtìmù lé ẹsẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Orúkọ ìyá ẹ ni mo fún un."

"Mò ń gbọ́ o!" Ìyá rẹ̀ ló kígbe láti ilé ìdáná.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, títí Orí-Pípé fi mọ bí èèyàn ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ kó sì panu mọ́ gbọ́ èsì.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ màmá alájá láago.

"Ṣé ìwọ tó ní mo sanra nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo sọ̀rọ̀ láìrò. Ara ajá yín ńkọ́?"

 Màmá wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀: láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, òun àti ajá ni wọ́n jọ ń jẹ búrẹ́dì alẹ́, torí kò wu òun láti máa dá jẹun. Orí-Pípé ò ka èyí nínú ìwé kankan rí.

Nígbà tí màmá àti ajá padà wá, Orí-Pípé ò ní kí wọ́n má jọ jẹun mọ́. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ rìn yí àdúgbò ká, kí búrẹ́dì ti ajá sì kéré.

"Tèmi náà ńkọ́? Ṣé kó dínkù ni?"

Orí-Pípé la ẹnu, ó pa á dé. Ọ̀gá ń wò ó látẹnu ọ̀nà.

"Ajá nìkan ni mò ń kọ́ṣẹ́ rẹ̀, mà."

Màmá bú sẹ́rìn-ín títí ajá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.