Sípíríǹgì Pupa ní Òkè Garw

Mọ́tò kan ṣoṣo ni bàbá Nerys àti Idwal fi sílẹ̀ nígbà tó kú: kékeré, elérò méjì, tí wọ́n ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni ń ká ẹní. Ní Wales, ẹni méjì lè fi mọ́tò kan náà díje gun òkè, torí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń dá gùn ún, wọ́n á sì ka àkókò rẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọ̀ kalẹ̀, èkejì á wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe tọ́ wọn. Wọ́n wá ṣàdéhùn pé ẹni tó bá yára jù ní òkè Garw, níbi ìdíje tó kẹ́yìn ọdún, òun ni yóò ni mọ́tò. Nerys fẹ́ ẹ tọkàntọkàn. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá nínú rẹ̀.

Àmọ́ sípíríǹgì ìdí ọkọ̀ ti gbó, ó di dandan kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì ìdáná, tíì wà níwájú wọn, ìwé ẹni tó ń tà á wà láàárín. Oríṣi méjì ló bá mọ́tò wọn mu: èyí tí wọ́n kùn ní búlúù, tó rọ̀ díẹ̀, àti pupa, tó le gan-an, tó sì ń mú ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀.

"Pupa ni," Idwal wí. "Mọ́tò tó bá le kì í fì ní kọ́nà."

"Ó dáa fún ìwọ tí o tóbi bí ilé. Èmi ńkọ́? Gbòǹgbò igi ti gbé ọ̀nà Garw sókè ní kọ́nà kẹta. Pupa á kàn máa jù mí sókè ni, táyà ò ní kan ilẹ̀."

"Arúgbó, o ti fẹ́ràn tìmùtìmù jù." Idwal rẹ́rìn-ín, ó fa ìlà sábẹ́ búlúù. "Ó dáa, o borí. Màá gbé e lọ fún mẹkáníìkì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí o bá wà níbi iṣẹ́."

Nerys gbà á gbọ́. Kí ló dé tí kò ní gbà á gbọ́? Àbúrò rẹ̀ ni, ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu. Àti pé bàbá ti pín iṣẹ́ fún wọn tipẹ́: Nerys ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì, Idwal ló ń tọ́jú abẹ́ ọkọ̀, ẹnì kan kì í yọjú wo iṣẹ́ ẹnì kejì. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n pè é.

Láti ọjọ́ tí Idwal ti gbé mọ́tò dé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni nǹkan ti yí padà. Níbikíbi tí ọ̀nà bá ti rí gbágungbàgun, mọ́tò á fò, ẹsẹ̀ Nerys á kúrò lórí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré. Ó ní kí àwọn padà lọ bá mẹkáníìkì. Idwal mi orí tàánútàánú.

"Kò sí nǹkan tó ṣe mọ́tò, Nerys. Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́. Látìgbà tí Dádì ti kú ni àyà rẹ ti ń já. Kò kúkú sí ìtìjú níbẹ̀."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, ó tún ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ẹ gbọ́, mo ti rí òpùrọ́ rí, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣeni léṣe tó tún ń tuni nínú, kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ ṣe ará ilé ẹni. Nerys gba ọ̀rọ̀ náà, ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gun òkè, èyí tó bá yá jù ni wọ́n sì máa kà fún un. Nígbà àkọ́kọ́, Nerys dé kọ́nà kẹta, mọ́tò fò, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, Idwal sì fi odindi ìṣẹ́jú àáyá kan ju ú lọ. Ó lọ jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni Probert, ọ̀rẹ́ bàbá wọn, tó máa ń yẹ mọ́tò wò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, mú búrẹ́dì wá fún un.

"Ọmọ mi, kí ló mú ẹ yan pupa? Bàbá rẹ ò lè gbà láyé."

"Pupa wo, Ọ̀gbẹ́ni Probert?"

"Sípíríǹgì. Mo rí i láàárọ̀. Idwal ní ìwọ lo fàáké kọ́rí pé èyí tó le lo fẹ́."

Nerys dùbúlẹ̀ sórí koríko tútù, ó yọjú wo ẹ̀yìn táyà. Pupa fòò ni. Lóòótọ́, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

Nígbà tí Idwal dé, Nerys ní, "Mo ti rí i."

Idwal ò bi í pé kí ló rí. "Mọ́tò kan, èèyàn méjì, Nerys. Sípíríǹgì kan ò lè bá àwa méjèèjì lára mu. Èmi náà fẹ́ mọ́tò Dádì."

"O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ nídìí tábìlì."

"Bí mo bá sọ ọ́, ṣé wàá gbà?"

"Rárá."

"Ìwọ náà rí i."

Wọ́n pe orúkọ Nerys. Ó wọ mọ́tò, ó tẹ iná mọ́ ọn. Ní kọ́nà kẹta mọ́tò fò, ó balẹ̀ gbì, ẹsẹ̀ Nerys ò kúrò níbi tó wà. Síbẹ̀, nígbà tí Idwal náà gun tiẹ̀ tán, tí wọ́n sì ka àkókò wọn, Idwal ṣì fi bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú ṣíwájú. Mọ́tò di ti Idwal.

Idwal bá a nísàlẹ̀ òkè, kò lè wo ojú rẹ̀. "O wà á dáadáa. Jẹ́ ká dá a padà sí búlúù. Ká jọ máa wà á." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Máa gbé mọ́tò rẹ lọ. Lọ́jọ́ kan mo lè gbàgbé ìyẹn." "Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí sàárè Dádì. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, pé ojo ni ọmọ tí wọ́n bí. Ìwọ lo gbé mi débẹ̀, Idwal. Òjò ń rọ̀, o dúró lẹ́yìn mi, o di agbòjò mú lé mi lórí títí mo fi sunkún tán, o ò sì sọ nǹkan kan."

Nerys lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Probert, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n gbé òun délé.