Ọ̀pá Tí Ìyá Ilé Tà

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Ìyá Ilé, ọkọ rẹ̀ kò tíì sunkún. Kì í ṣe pé ó ń ṣe ọkùnrin. Ó wá ẹkún náà títí, kò rí i. Ó ń jí, ó ń wẹ̀, ó ń jẹun tí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ̀, ó sì ń lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé lọ yí igi. Bí èèyàn bá ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù," a ní, "A dúpẹ́," bí ìgbà tí wọ́n kí i kú iṣẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú: ó wà lára, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń lọ.

Bàbá Ọlọ́pàá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò ṣe ọlọ́pàá rí o. Kò mú ewúrẹ́ tó já okùn rí, débi tí yóò mú olè. Ọ̀pá sínúkà ló ń ṣe, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì, ọwọ́ ló sì fi ń ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà kì í yá. Bó bá yí igi kan lórí ẹ̀rọ lónìí, tó bẹ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, a so ó rọ̀ sí àjà, a fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó sinmi, kó wọ́ bó bá fẹ́ wọ́, kí ó tó tún bẹ díẹ̀ mìíràn. Igi tí wọ́n bá fi ìkánjú yí, ọwọ́ ẹni tó rà á ni yóò ti tẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ọ̀pá yóò wá yan igi tirẹ̀, yóò san àsansílẹ̀, wọn yóò so igi náà kọ́ ẹ̀yìn ìlà àwọn igi tó ti wà ní àjà, yóò sì lọ sílé rẹ̀ lọ gbọ́ ti ara rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà.

Ìyá Ilé ló ń ṣàkóso ìlà yẹn nígbà ayé rẹ̀. Òun náà ló ń dá iye lé ọ̀pá, nítorí pé ojú máa ń ti ọkọ rẹ̀ láti pe owó. Bó bá pe owó tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù kí oníbàárà tó la ẹnu. Bàtà ni Ìyá Ilé máa ń wò ní tirẹ̀. Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá ń dán, owó tirẹ̀ náà yóò dán. Ẹni tó bá ti lẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà lẹ́ẹ̀mejì, wọn yóò ṣe é ní èyí tí apá rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ní ti ipò lórí ìlà, ọ̀rọ̀ bàtà kò sí níbẹ̀. "Igi ò mọ olówó," ni yóò wí. "Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ gbà." Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, wá fi owó ìlọ́po méjì lọ̀ ọ́ kí ó lè gba iwájú àwọn kan kọjá. Ó bu oúnjẹ fún un, ó sin ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní ó dàbọ̀. Àbúrò náà dúró bíi tàwọn yòókù, ó sì bínú ní gbogbo ìgbà tó fi dúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Alájàpá kan ìlẹ̀kùn ìsọ̀. Ìyá Ilé ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe náà nìyẹn: ó ń ra ọ̀pá lọ́wọ́ àwọn tó ti gbà á, ó ń lọ tà á fún àwọn tí kò lè dúró lórí ìlà. Ọ̀pá tí Bàbá Ọlọ́pàá bá tà ní owó oṣù méjì olùkọ́, bó bá dé ọwọ́ Alájàpá, ó di owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Láti ìgbà tí Ìyá Ilé sì ti kú ni owó náà ti tún fò sókè, nítorí àwọn olówó ti ń sọ láàárín ara wọn pé bàbá yìí náà kò ní í pẹ́ tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀. Èyí tó wá pani lẹ́rìn-ín jù ni pé ọ̀pá tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí ló wọ́n jù. Inú àpótí onídígí ni wọ́n ń tò ó sí, tí wọ́n ń wò ó. Bí ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń pa orí ọ̀pá kó má baà yọ̀ lára bọ́ọ̀lù bá fi lè kan orí rẹ̀ pẹ́rẹ́, ìdajì owó ti lọ. Ẹ wo ayé: irinṣẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ rí ló wá níyì.

"Bàbá, ẹ jókòó o, kí n tó fi nǹkan hàn yín," ni Alájàpá wí.

"Mo ti jókòó," ni Bàbá Ọlọ́pàá dá a lóhùn. Òótọ́ ni, ó ti jókòó.

Alájàpá ṣí àpò awọ gígùn kan, ó fa ọ̀pá kan yọ. Igi dúdú ni ìdí rẹ̀. Òwú funfun ni wọ́n fi wé ibi tí ọwọ́ ń dì mú, àmọ́ òwú náà kò funfun mọ́, ó ti di àwọ̀ tíì. Ojú kan wà níbẹ̀ tó dúdú ju ibi yòókù lọ.

Bàbá Ọlọ́pàá kò béèrè ibi tó ti wá. Òun ló ṣe é. Ìyẹn ni ọ̀pá gidi àkọ́kọ́ tó ṣe láyé, Ìyá Ilé ló sì ṣe é fún kí wọ́n tó fẹ́ra. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ìyá Ilé. Kò sí ọkùnrin kan ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá sínúkà nígbà yẹn tí kò nà nídìí ayò rí. Kó tó gbá bọ́ọ̀lù, yóò kọ́kọ́ yí ọ̀pá títí àmì tí ọkọ rẹ̀ fín sí ìdí rẹ̀ yóò fi kọjú sókè. Ojú kan náà ni àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń bà lé nígbà gbogbo, ojú yẹn ló sì dúdú. Nígbà tí ẹ̀rọ bàjẹ́, tí ọmọ wọn sì wà lọ́wọ́, ó gbé ọ̀pá náà jáde lọ tà á, ó ra mọ́tò tuntun tó ń yí ẹ̀rọ náà bọ̀. Ó ní ẹ̀rọ ló ń bí ọ̀pá, ọ̀pá kì í bí ẹ̀rọ. Ọkọ rẹ̀ ní òun yóò ṣe òmíràn fún un. Ó ní kó so igi tòun kọ́ ẹ̀yìn ìlà bíi ti gbogbo ayé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni igi rẹ̀ sún dé iwájú. Ó ta ti àkọ́kọ́, ó fi san owó ilé ìwé ọmọ. Ó ta èkejì, ó fi tún òrùlé ṣe. Ìyàwó ẹni tó ń ṣe ọ̀pá kú láìní ọ̀pá.

"Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi ní òun ò fẹ́ ìdọ̀tí," ni Alájàpá ń wí. "Ẹ bá mi tú òwú yìí, kí ẹ wé tuntun sí i, kí ẹ kun ún kó dán. Tàbí..." Ó gbójú sókè wo àjà. "Èyí tó wà níwájú yẹn ti parí. Ẹ fún mi níyẹn, kí ẹ mú èyí. Gbà fún Gbádà ni. Tuntun tí ò gbá bọ́ọ̀lù rí sàn fún mi jù ú lọ."

"Ó ní ẹni tó ni ín."

"Ta ni?"

"Awakọ̀."

Awakọ̀ yìí ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì. Díẹ̀díẹ̀ ló fi san owó rẹ̀, bàtà rẹ̀ ló sì burú jù nínú gbogbo bàtà tí Ìyá Ilé wò.

"Ẹ so òmíràn rọ̀ fún un," ni Alájàpá wí. "Ẹni tó ti lè dúró látọjọ́ yìí, kí ló kù tí ò lè dúró dè?"

"Ọ̀la ló ń bọ̀ wá gbà á."

"Èmi náà á dé lọ́la nìyẹn. Ẹ rò ó dáadáa o, Bàbá. Ọ̀pá ìyàwó yín ni."

Ó fi ọ̀pá náà sílẹ̀ lọ. Bàbá Ọlọ́pàá dì í mú, ó retí kí nǹkan kan dun òun. Kò sí ohun tó dùn ún. Ó kíyè sí i pé awọ kékeré tó wà lórí ọ̀pá náà ti gbó.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nílé ìdáná ní ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ fún un ní ti Awakọ̀ yẹn, Bàbá. Ẹ gba ọ̀pá Ìyá mi."

"Ìyá ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ìlà."

"Ìyá mi ti kú! Ta ló máa wá bá yín wí?"

Ó ro ìyẹn dáadáa. "Ohun tó jẹ́ kó le gan-an nìyẹn," ó wí. "Nígbà tó wà, mo lè ṣì í ṣe, kó bá mi jà, kó tán síbẹ̀."

Ọmọ náà gbé àwo kalẹ̀, àwo náà dún gbà. "Ẹ ò tiẹ̀ sunkún. Ẹ ò sunkún lọ́jọ́ náà, ẹ ò sunkún títí dòní. Ṣé ẹ tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀?"

Ìbéèrè náà wọ etí rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀. Ó mọ ìdáhùn rẹ̀ bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀, àmọ́ kò mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rù tiẹ̀ bà á díẹ̀ pé bóyá báyìí ni òun yóò ṣe wà títí ọjọ́ ikú òun.

"Jẹ́ n bá ẹ nu àwo," ó wí.

Ní ọjọ́ kejì, Awakọ̀ ti dé kí wọ́n tó ṣí ìsọ̀. Ó ti kun bàtà rẹ̀, èyí tó jẹ́ kí ibi tó ti ya túbọ̀ hàn. Kò pẹ́ tí Alájàpá fi wọlé. Ọmọ náà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo bàbá rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́pàá wo ọ̀pá dúdú tó wà lórí tábìlì iṣẹ́. Ó na ọwọ́ sí àjà, ó já èyí tó wà níwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Awakọ̀.

"Ẹ kú ìdúró," ó wí.

Ọmọ rẹ̀ yí padà, ó wọlé lọ.

Alájàpá kò tiẹ̀ jẹ́ kí Awakọ̀ mí. "Bàbá Awakọ̀, ẹ tà á fún mi! Ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí ẹ san, níbí yìí, lójú ẹsẹ̀. Ẹ ra bàtà, ẹ ra ilé bàtà!"

Awakọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ṣọ́ọ̀kì kan jáde, tí ó ti fi pamọ́ títí igun rẹ̀ fi ra. Ó fi pa orí ọ̀pá náà láìkánjú.

"Yéè!" Alájàpá di orí mú. "Ẹ ti pa á!"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni," ni Awakọ̀ wí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì kékeré tí wọ́n fi ń dán ọ̀pá wò, ó gbá bọ́ọ̀lù kan, ó tàsé ihò pátápátá. Inú rẹ̀ dùn bíi tẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Ìyá Ilé ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo yan igi. Ó ní bí mo bá tà á, òun á mọ̀."

Nígbà tó lọ tán, Alájàpá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ bá mi tú òwú yẹn nìyẹn."

Bàbá Ọlọ́pàá lè kọ̀. Àmọ́ bó bá kọ̀, ẹlòmíràn ni yóò tú u, ẹni náà yóò sì fi ọ̀bẹ ya á bí ẹní ń bó iṣu. Ó fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ tòun. Ó wá orí òwú náà rí, ó gbé e sókè jẹ́jẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Góòmù rẹ̀ ń dún pẹ́pẹ́pẹ́. Òwú náà ń ká lé e lórí itan, abẹ́ òwú náà sì mọ́ tónítóní bí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wé e, nítorí ọwọ́ Ìyá Ilé kò kan ibẹ̀ rí.

"Ẹ jù ú nù, Bàbá," ni Alájàpá wí. "Ìyẹn ò tà."

Ó fi í sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó wé òwú tuntun, ó fi góòmù pa á, ó fi egungun lọ̀ ọ́ títí ó fi jọ̀lọ̀. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Alájàpá wá gbé ọ̀pá náà, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì.

"Iṣẹ́ ọba! Ó dà bíi pé ẹnikẹ́ni ò lò ó rí."

"Ó dà bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Ọlọ́pàá wí.

Nígbà tó ku òun nìkan, ó yọ òwú náà jáde. Bó ṣe na gbọọrọ báyìí, kò jọ nǹkan kan, òwú tíì lásán tí àmì dúdú wà lára rẹ̀ níbí, tó tún wà lọ́hùn-ún. Ó mú àjákù igi kan tí sísanra rẹ̀ bá ìdí ọ̀pá yẹn mu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e sí i, torí pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn tí wọ́n ń fi òwú ṣe. Àmì dúdú kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, ẹ̀kẹta bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń wé e lọ, wọ́n ń pé jọ, títí ojú ibi àtàǹpàkò fi yọ padà, dúdú, roboto, ní ibi tó máa ń wà gan-an.

Ó gbé àtàǹpàkò òsì tirẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni ẹkún dé. Kò kan ìlẹ̀kùn, ó kàn wọlé, ó sì gbá a mọ́lẹ̀ láti orí àpótí tó jókòó lé.

Ọmọ rẹ̀ gbọ́, ó sáré wá. Ó bá a lórí ilẹ̀ láàárín èérún igi, ó di igi kúkúrú kan mọ́ àyà.

"Bàbá! Kí nìyẹn?"

"Ọwọ́ ìyá ẹ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó rí i. Òun náà jókòó sílẹ̀ tì í, omijé sì ti kún ojú rẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó na ọwọ́ tirẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà dì í mú."

Bàbá Ọlọ́pàá mi orí. "Dúró ná," ó wí láàárín ẹkún. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dé."