Ẹ̀rín Ọ̀gá Àlàó

Gbogbo ẹni tó bá ti ya fọ́tò lọ́dọ̀ Fẹ́kọ́mi rí ló mọ̀ pé ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́ ju kámẹ́rà lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìpájà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn òyìnbó. Ọmọdé tó bá ń sunkún, Fẹ́kọ́mi yóò sín in jẹ títí ọmọ náà yóò fi bú sẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tó bá fajú ro, yóò bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ló lé e jáde nílé. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí ẹ̀bùn yìí. Ó máa ń wí fún àwọn oníbàárà pé kò sí ojú tó le tí òun kò lè mú rẹ́rìn-ín.

Ní ìgbà òjò tó kọjá, obìnrin kan tó ń jẹ́ Esther pè é sí Gowon Estate. Àwọn òbí Esther fẹ́ ṣe ogójì ọdún tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Wọn kò ní pariwo rẹ̀: wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á jẹun, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀, Charles Àlàó, ọmọ Èkìtì ni, tíṣà ló ṣe títí ó fi di ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama kó tó fẹ̀yìn tì. Susanna, ìyàwó rẹ̀, náà ti ṣe tíṣà rí. Ohun kan péré ni Esther fi kún un: bàbá òun kò fẹ́ kí wọ́n máa ya òun ní fọ́tò mọ́, kí Fẹ́kọ́mi bá àwọn fọgbọ́n ṣe é. Fẹ́kọ́mi rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó ní kó fi bàbá sílẹ̀ fún òun.

Lọ́jọ́ Sátidé tó lọ síbẹ̀, ìdílé náà ti wà lórí àdúrà. Pálọ̀ wọn kò tóbi, fèrèsé kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ sì ń gbà wọlé. Ìyẹn ló gba Fẹ́kọ́mi lọ́kàn. Ó ń wo ibi tí òjìji yóò bọ́ sí, aṣọ tó ń dán jù, ọmọ tó yẹ kó bọ́ síwájú. Bàbá Àlàó jókòó sáàárín nínú agbádá funfun, ọwọ́ òsì rẹ̀ lé itan, kò gbé e kúrò níbẹ̀. Fẹ́kọ́mi ya díẹ̀, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn kámẹ́rà. Ojú gbogbo ènìyàn dára. Bàbá nìkan ló fa ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Fẹ́kọ́mi ti bá irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀ pàdé, àwọn tó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ba fọ́tò jẹ́ kí ọmọ-ọmọ wọn lè rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, mo ti rí yín o," ó gbóhùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. "Ẹ má fẹnu ṣẹ̀fẹ̀ fún mi jàre. Ẹ tún ẹnu yẹn ṣe, ẹ jẹ́ kó gún."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé wọn kò gbọ́ ni, ló bá tún un wí, ó sì fi ìka fa ẹnu tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti fi bí bàbá ṣe ń ṣe hàn wọ́n.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéékèèké ló dá a lóhùn. "Bí ẹnu Grandpa ṣe rí nìyẹn."

Bàbá Àlàó fi ọwọ́ ọ̀tún di apá àga mú, ó rọra dìde, ìyàwó rẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ apá kejì. Bí wọ́n ṣe ń lọ sí yàrá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Fẹ́kọ́mi ti wà nínú ilé yẹn láti ìgbà àdúrà. Kò rí ọwọ́, kò rí ẹsẹ̀, àfi ìgbà tí bàbá kẹ́yìn sí i.

Esther sún mọ́ ọn, ó sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé rọpárọsẹ̀ ló kọlù bàbá àwọn lọ́dún tó kọjá. Ó ní òun rò pé kò ní pẹ́ tí Fẹ́kọ́mi yóò fi rí i fúnra rẹ̀. Kò bú u. Kò sẹ́ni tó bú u nínú wọn, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ó ya àwọn yòókù láìsí bàbá, ó dúpẹ́ oúnjẹ tí wọ́n dì fún un, kò sì lè fi kan ẹnu nígbà tó délé.

Nígbà tó kó àwọn fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà, ó wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti àkọ́kọ́ ni ẹnu bàbá ti wọ́ sí ibì kan náà, kò yí padà rárá. Ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ kì í di ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ojú bàbá náà kì í ṣe ojú ẹni tó ń ṣeré, ojú ẹni tó ń fara da nǹkan nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fọ́tò kedere. Ìmọ́lẹ̀ dára, aṣọ ń dán, kò sí òjìji lára ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ẹni tó wá yà gan-an ni kò wò.

Ó lọ bá ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, Alhaji Múrítàlá, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó rò ó fún un. Ó ń retí kí ọ̀gá sọ pé kò tó nǹkan, pé kò sẹ́ni tí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Alhaji kò wí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun lọ ya fọ́tò níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìkòtún nígbà kan, òun rí obìnrin kan tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun tó gbé ọmọ lọ́wọ́, òun sì ní kí ìyá àgbà gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ni ìyá ọmọ. Ó ti ń wá ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́.

"Kò bínú," ni Alhaji wí. "Ó kàn rẹ́rìn-ín sí mi. Ojú tì mí débi pé mi ò padà lọ kí i, mo rò pé yóò rọlẹ̀ tó bá yá. Kò rọlẹ̀. Lọ sọ́dọ̀ bàbá yẹn, Fẹ́kọ́mi. Má fi fóònù ṣe é, má sì gbé kámẹ́rà dání."

Fẹ́kọ́mi lọ. Ẹnu géètì ni Esther ti pàdé rẹ̀, ó ní bàbá ń sinmi, wọn kò sì fẹ́ rí àlejò. Ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó ní òun yóò jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè nǹkan kan tí Fẹ́kọ́mi kò retí. Ó ní fọ́tò bàbá àwọn wà lọ́wọ́ òun, èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ojú wọn gún régé. Ṣé Fẹ́kọ́mi lè yọ ojú yẹn, kó fi í sáàárín àwọn nínú fọ́tò ìdílé?

Ó ṣe é ṣe. Fẹ́kọ́mi jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó gé orí bàbá kúrò nínú fọ́tò àtijọ́, ó gbé e sórí agbádá funfun, ó tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe títí ó fi bá ti pálọ̀ mu. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Bàbá Àlàó jókòó láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, ara rẹ̀ le, ó ń rẹ́rìn-ín. Fẹ́kọ́mi wò ó títí. Ó wá rí i pé ohun tí òun fi ẹnu sọ nínú pálọ̀ yẹn ni òun tún fi ọwọ́ ṣe báyìí: òun tún ní kí bàbá tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Kò fi ránṣẹ́.

Ó wà nínú èrò yìí nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Susanna ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀. Fẹ́kọ́mi kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

"Dìde," ni Bàbá Àlàó wí. Ọ̀rọ̀ kò tètè jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń ṣa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Pásípọ́ọ̀tù ni mo wá yà."

Susanna ló ṣàlàyé. Àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì fẹ́ tún orúkọ àwọn tó fẹ̀yìn tì yẹ̀ wò, pásípọ́ọ̀tù tó wà nílé kò sì jọ ọ́ mọ́. Ó ti pẹ́ tí òun ti ń bẹ̀ ẹ́ kó lọ ya òmíràn, ó kọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ṣàdédé ní kí òun wá aṣọ tí yóò wọ̀ jáde fún un.

Fẹ́kọ́mi gbé àga síwájú aṣọ funfun. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò mọ ohun tí yóò sọ fún oníbàárà. Ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kò dára.

"Bàbá, tí ẹ bá fẹ́, mo lè fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Èmi ńkọ́?" ni bàbá wí. "Èmi náà ò ní mọ̀?"

Bàbá mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

"Wọ́n ti yọ jígí kúrò ní pálọ̀ wa. Bí àwọn ọmọ mi bá ń bá mi sọ̀rọ̀, èjìká mi ni wọ́n ń wò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ nǹkan yìí sí mi létí, àfi dókítà. Ìwọ lo dárúkọ rẹ̀. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọ yàrá lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí Susanna bá mi gbé jígí wá."

Fẹ́kọ́mi bi í pé kí ló dé tó fi wá sọ́dọ̀ òun, nígbà tí onífọ́tò pọ̀ kiri.

"Ìwọ ti mọ̀ pé ó wọ́," ni bàbá wí. "Níbòmíràn, màá tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé."

Susanna ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni bàbá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Apá kan ojú rẹ̀ ló gbéra, ìkejì dúró síbi tó wà, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ń tàn. Kámẹ́rà wà lórí tábìlì, ọwọ́ lè tó o. Fẹ́kọ́mi kò nawọ́ sí i. Ó jókòó tì wọ́n títí ẹ̀rín náà fi lọ, ó wá béèrè bóyá òun lè bẹ̀rẹ̀.

Ó yà á bó ṣe rí, ojú tààrà. Kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e wá fún bàbá kó kọ́kọ́ wò ó, ohun tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Bàbá wò ó pẹ́.

"Mo ti darúgbó," ló wí.

"Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀," ni Susanna dáhùn.

Bàbá ní kó ya òun àti ìyàwó òun pọ̀. Fẹ́kọ́mi bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ jókòó. Bàbá ní kí Susanna bọ́ sí ọwọ́ òsì òun, kó di ọwọ́ tí kò ṣiṣẹ́ yẹn mú. Bẹ́ẹ̀ náà ló yà wọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó pe Esther, ó ní òun ti ṣe iṣẹ́ tó bẹ òun, ṣùgbọ́n òun kò ní lè fi í fún un. Inú bí Esther. Ó ní ta ni Fẹ́kọ́mi tí yóò máa pàṣẹ bí òun yóò ṣe rántí bàbá òun. Fẹ́kọ́mi gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ó kàn ní kó yà ní ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò kan wà tí àwọn òbí rẹ̀ ní kó wá gbà.

Esther wá, kò kí i dáadáa. Nígbà tí Fẹ́kọ́mi ṣí bébà kúrò lára férémù, ó dúró wò ó. Ó béèrè pé ṣé kò lè bá wọn tún ẹnu náà ṣe ni. Fẹ́kọ́mi ní bàbá ló ní kí òun má ṣe bẹ́ẹ̀. Esther fi ìka kan kan ojú bàbá rẹ̀ lórí díńgí férémù, níbi tí ẹnu ti wọ́ gan-an, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì di férémù náà mọ́ra, ó gbé e lọ.

Láti ìgbà náà, àwọn oníbàárà kan ń ráhùn pé Fẹ́kọ́mi kò yára mọ́, pé ó máa ń wo ènìyàn pẹ́ kó tó gbé kámẹ́rà. Ó ṣì ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí ẹni tí kò bá fẹ́ rẹ́rìn-ín fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe fẹ́.

Nígbà tí Kérésì dé, ìdílé Àlàó tún ránṣẹ́ pè é. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó jókòó láàárín wọn, ó ń jẹ ìrẹsì, ó sì ń gbọ́ ìtàn tí bàbá ń sọ nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tó sá gun igi máńgòrò nítorí ìdánwò. Ìtàn náà pẹ́, nítorí ẹnu tó ń sọ ọ́ kò yára, kò sì sẹ́ni tó bá a parí rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó yíjú sí Fẹ́kọ́mi. "Ṣé fọ́tò lo wá yà," ló wí, "àbí ìrẹsì lo wá jẹ?"